Àpò Orí Edé Mẹ́ta, Àlẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta

Ọjọ́bọ ni, aago mẹ́rin àbọ̀ ti kọjá, oòrùn Tainan ò sì tíì fẹ́ lọ sílé. Nínú yàrá iwájú tí Màmá Ou Chin-lien, Olórí Àdúgbò Ping-chou, fi ṣe ọ́fíìsì, òun àti Tu Kuan-yu, ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tó ń fi kíkọ ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì jẹun, jókòó ti tábìlì tíì. Màmá Ou gbé máìkì àdúgbò sẹ́nu, ohùn rẹ̀ sì ń ti inú gbohùngbohùn jáde lórí gbogbo òpó iná.

"Ẹ̀yin ará Ping-chou, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn fún àwọn àgbà, níwájú tẹ́ḿpìlì lọ́la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ìkejì, ẹ mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti ń tún afárá ṣe, ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ ò ní àkókò mọ́. Ó lè dé ní márùn-ún àbọ̀, ó lè dé ní mẹ́fà. Láti òní lọ, ojú ìwé wa lórí fóònù ni á máa kéde rẹ̀ fún yín. Ẹ ṣí i sílẹ̀ báyìí, ẹ má pa á dé. Ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀ lónìí, èmi Ou Chin-lien fúnra mi ni n ó gbé ìdọ̀tí rẹ̀ sórí alùpùpù mi, n ó gbé e dé ibùdó tí wọ́n ti ń sun ún! Ẹ má gbàgbé o, nọ́ḿbà kìíní lórí ìwé ìbò. Ire o!"

Ó gbé máìkì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tíì, ó nu òógùn ọrùn. Iná pupa kékeré tó wà lára máìkì ń wo òkè àjà.

"Ó yá, Kuan-yu ọmọ mi. Àlẹ́ẹ̀tì dà?"

"Màmá, a ò tíì yàn án."

"A ò tíì kí ni?"

"Ẹ fara balẹ̀. Ojú ìwé ti wà. Ó ti mọ ibi tí ọkọ̀ wà lójú pópó. Àlẹ́ẹ̀tì tó máa yọ sójú fóònù nìkan ló kù, ìyẹn ò sì jẹ́ nǹkan kan fún èmi. Èèyàn kì í fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ó wà nínú sítọ́ọ̀."

"Sítọ́ọ̀ ta ni?"

"Sítọ́ọ̀ gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀ làwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe ń pè é. Ẹnìkan á jókòó síbì kan, á ṣe oríṣiríṣi àlẹ́ẹ̀tì jọ, á kó wọn sí sítọ́ọ̀, á ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá mú. Mo ti wo mẹ́tàdínlógójì, mo ṣà wọ́n títí, wọ́n ku mẹ́ta."

"Èló ni wọ́n ń tà á?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

Màmá Ou fa ọwọ́ kúrò lára ife bí ẹni tí iná jó.

"Ọ̀fẹ́? Kuan-yu! Odidi oṣù mẹ́ta lèmi àti ọlọ́pàá fi ń lọ láti ilé dé ilé, tí à ń sọ fáwọn àgbà pé ẹni tó bá pè yín lórí fóònù tó ní ọ̀fẹ́ ni, olè ni!"

"Àwọn yìí kì í ṣe olè, Màmá. Àwọn èèyàn tí kì í sùn lóru ni."

"Olè náà kì í sùn lóru."

Ká sọ tòótọ́, ẹnu ni Màmá Ou fi ń bá a ṣàwàdà, inú kíṣìnì ni ọkàn ẹ̀ wà. Àpò ìdọ̀tí mẹ́ta ń bẹ níbẹ̀, orí edé àti egungun ẹja ló kún inú wọn, láti ibi ayẹyẹ àádọ́rin ọdún àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́ kí wọ́n lè dìbò fún un, ọkọ̀ kọjá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó dúró níwájú tẹ́ḿpìlì, ó ń ṣàlàyé fún àwọn ará àdúgbò bí èèyàn ò ṣe ní jẹ́ kí ọkọ̀ fi òun sílẹ̀. Ibi àlàyé yẹn ló wà tí ọkọ̀ fi kọjá lẹ́yìn ilé ẹ̀. Ọjọ́rú, ọkọ̀ kì í wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbọ́ pé Olórí Àdúgbò fúnra ẹ̀ ni ọkọ̀ ń fi sílẹ̀, Fang oníwàrà sóyà tó ń bá a du ipò ò ní sọ nǹkan mìíràn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kù kí wọ́n dìbò. Ìbò mọ́kànlá péré ni Màmá Ou fi borí rẹ̀ nígbà tó kọjá.

"Fi àkọ́kọ́ hàn mí kíá," ló wí.

Kuan-yu fa àgà súnmọ́ ọn, ó nà tán bí olùkọ́ ọjọ́ ìdánwò. "Kékeré ni èyí, afínjú ni. Igun òkè lápá ọ̀tún ló ti máa ń yọ. Ẹ wo fóònù yín."

"Dúró, kí n wá awò mi." Ó fọwọ́ kan àyà, kò sí níbẹ̀, ó fọwọ́ kan orí, ó wà níbẹ̀. Ó fà á wálẹ̀. "Ó dà?"

"Ó ti lọ."

"Lọ síbo?"

"Sẹ́kọ́ǹdù mẹ́ta ló máa ń lò, Màmá. Lẹ́yìn ẹ̀, á parẹ́. Kò fẹ́ dí èèyàn lọ́wọ́."

"Ta ló sọ fún un pé ọwọ́ mi dí? Tún un ṣe."

Kuan-yu tún un ṣe. Màmá Ou tẹ̀ síwájú, ooru tíì bo gíláàsì awò rẹ̀ pátápátá.

"Ó dà?"

"Ó tún ti lọ."

"Bí ọkọ ọmọ mi ló ṣe ń ṣe yìí gan-an! Kí n tó yíjú, ó ti kí mi tán, ó ti bọ́ sí kọ̀rọ̀."

"Ìgbàlódé nìyẹn. Búrẹ́dì la máa ń pè é, torí ó máa ń ta sókè bí búrẹ́dì ṣe ń ta jáde nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan án."

"Búrẹ́dì tó bá pòórá láàárín sẹ́kọ́ǹdù mẹ́ta, ẹnìkan ló jẹ ẹ́. Ìyá àgbà Hung ti ojúlé kejìlélógún ńkọ́? Ṣé òun náà á rí i? Obìnrin tó kí òpó iná 'ẹ káàárọ̀' lọ́jọ́ Ajé, tó tún ń bínú pé kò dáhùn?"

Kuan-yu rẹ́rìn-ín, tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú rẹ̀ jáde.

"Ó dáa. Ṣé kò lè dún nínú fóònù nígbà tí èèyàn ò bá tiẹ̀ ṣí ojú ìwé?" Màmá Ou bi í.

"Ó lè ṣe é. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè: 'Ṣé kí n máa fi tó ọ létí?' Mo dán an wò lánàá. Ogóje èèyàn ló ṣí i."

"Mélòó ló gbà?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ogóje ló tẹ 'Rárá'. Ìyá àgbà Hung tẹ 'Rárá' lẹ́ẹ̀mẹ́fà."

Inú Màmá Ou dùn, ó jọ pé kò mọ̀ pé kò yẹ kó dùn. "Ṣé o rí i? Mo kọ́ wọn dáadáa! Ohunkóhun tó bá tọrọ àyè lọ́wọ́ yín, ẹ kọ̀ fún un."

"Ẹ kọ́ wọn jù, Màmá. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kí wọ́n ṣí i sílẹ̀. Ó yá, èkejì rèé. Èyí ò mọ ìtìjú. Gbogbo ojú fóònù ló máa gbà, ẹ ò sì ní lè ṣe nǹkan kan títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́."

Àwọ̀ pupa bo fóònù. Àmì ńlá kan fò sókè, ó yí po, ó gbọ̀n jìnnìjìnnì. ỌKỌ̀ KÓLẸ̀KÓLẸ̀ TI DÉ!

"Háà! Èyí dà bí èèyàn!" Màmá Ou pàtẹ́wọ́. "Èyí lóhùn. Níbo ni n ó ti tẹ̀ ẹ́?"

"'Ó yé mi' tó wà nísàlẹ̀ yẹn."

Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù tún pọ́n: ṢÉ Ó DÁ Ọ LÓJÚ?

"Ó dá mi lójú." Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù ní: ṢÉ LÓÒÓTỌ́ NI?

"Kuan-yu, kí ni mo jí tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò?"

"Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ yín ṣèèṣì kàn án ni. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn."

"Iṣẹ́ àgbà wo! Dìde, gbé tìmùtìmù méjì yẹn fún mi." Ó gbá tìmùtìmù kọ̀ọ̀kan mú ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ó dúró bí ẹni tó ń bọ̀ láti kíṣìnì. "Mo ti gbé ìdọ̀tí dání báyìí. Ọ̀tún, ẹja. Òsì, ìwé àti ike. Fóònù ń ké. Ọwọ́ wo ni n ó fi tẹ 'Ó yé mi'?"

Kuan-yu ronú. Àwọn tó mọ gbogbo nǹkan náà máa ń ronú nígbà mìíràn. "Imú," ló wí.

Màmá Ou bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì tòun ti tìmùtìmù méjèèjì, ó fi imú tẹ fóònù. Fóònù dún kíí, gbogbo pupa náà lọ.

"Ó gbà!"

"Ẹ ti tẹ 'Má ṣe fi tó mi létí mọ́ láéláé'."

"Yéè! Èmi tí mo ni àdúgbò! Ká ní Olùkọ́ Pai ni, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa dúró kà, á tún àṣìṣe inú ẹ̀ ṣe, á fún un ní máàkì, kó tó wá tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ á ti dé afárá. Mú ẹ̀kẹta wá."

"Ẹ̀kẹta máa ń tò jọ ni. Ìkóríta tí ọkọ̀ bá yà, àlẹ́ẹ̀tì kan. Inú sítọ́ọ̀ tó lágbára jù ló ti wá, èmi fúnra mi..."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, àlẹ́ẹ̀tì ti ń já lura wọn lójú fóònù. Ọkọ̀ ti yà lọ́dọ̀ oníbàtà. Ọkọ̀ ti yà níbi iná pupa. Ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ ṣí. Ọkọ̀ tún dúró. Màmá Ou ń kà wọ́n sókè títí ó fi dé mẹ́tàlélógún, èémí rẹ̀ ò sì tó mọ́.

"Kuan-yu, ọkọ̀ gan-an dà?"

"Ó wà lábẹ́ àwọn àlẹ́ẹ̀tì."

Màmá Ou bọ́ awò, ó fi í lélẹ̀ jẹ́jẹ́ bí adájọ́ tó fẹ́ dájọ́. Aago ara ògiri ti sún mọ́ márùn-ún, orí edé ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

"Gbọ́ mi. Mú àkọ́kọ́. Afínjú yẹn. Àmọ́ sọ fún un pé kò gbọdọ̀ parẹ́. Tó bá ti yọ, kó dúró sójú kan títí ẹni tó ni fóònù á fi fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

"Màmá, wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀! Ohun tó dáa lára ẹ̀ gan-an ni pé ó ń parẹ́!"

"Èwo ló dáa nínú kí nǹkan parẹ́?"

"Á wá dí gbogbo èèyàn lójú."

"Kó dí wọn lójú! Ṣé ojú ni wọ́n fẹ́ fi gbé ìdọ̀tí ni?"

Kuan-yu mí kanlẹ̀, ó pa iye kan rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ó kọ òdo sípò ẹ̀. "Ó ti tán. Kò ní parẹ́ títí ayé. Mo tún fi àyè sí i kí ará àdúgbò tó bá rí ọkọ̀ lè kọ ọ́ síbẹ̀. Á yọ sójú fóònù gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà."

"Fang náà?"

"Fang náà."

"Hẹn. Wàrà sóyà rẹ̀ rọ̀, orí rẹ̀ rọ̀ jù ú lọ. Kò ní mọ ibi tó máa tẹ̀. Ohùn ńkọ́?"

"Ó ń dún tín."

"Tín!" Màmá Ou yínmú. "Láti àárọ̀ ni fóònù mi ti ń dún tín. Ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́, 'ẹ káàárọ̀'. Àbúrò mi fi òdòdó mìíràn dá a lóhùn. Ta ló ń torí tín dìde?"

Ojú Kuan-yu là. "Màmá, ohùn wo ló ń mú gbogbo èèyàn fò sókè nílẹ̀ wa níbí, ì báà jẹ́ ẹni tó ń wẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnu kan náà ni wọ́n fi sọ ọ́: "Orin ọkọ̀!"

"Mo ní i nínú kọ̀ǹpútà!" Kuan-yu ń sọ̀rọ̀ wàdùwàdù. "Mo gbà á sílẹ̀ lójú fèrèsé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ bó ṣe máa dún." Ó fa ohùn rẹ̀ sókè dópin, ó tẹ̀ ẹ́.

Orin tín-ín-rín tí ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ fi ń pe èèyàn jáde wá da ìdọ̀tí, tí gbogbo ọmọ ìlú ti mọ̀ látinú oyún, bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó dún lórí tábìlì, ó dún lójú fèrèsé, ó dún lókè àjà, ó dún lọ́hùn-ún lápá tẹ́ḿpìlì.

"Ó mà ròkè o!" Ẹnu ya Màmá Ou. "Àní bí ẹni pé òde ló ti ń dún!"

"Kọ̀ǹpútà tuntun ni, Màmá," Kuan-yu fi yangàn.

Ilẹ̀kùn kan gbá lódìkejì. Òmíràn gbá. Bàtà ilé ń dún pàtà-pàtà-pàtà nínú gbogbo kọ̀rọ̀ òpópó. Màmá Ou yọjú láàárín aṣọ fèrèsé, ó fà sẹ́yìn, ó tún yọjú.

"Kuan-yu. Gbogbo àdúgbò ti jáde."

"Tàpò-tàpò?"

"Tàpò-tàpò! Olùkọ́ Pai fi ọṣẹ sórí jáde. Ìyàwó Chien ń fi ẹsẹ̀ kan sáré, kò rí bàtà kejì. Pa á! Pa orin yẹn!"

Ó pa á. Ìdákẹ́rọ́rọ́ òde burú ju orin lọ. Kuan-yu wo tábìlì, ó wo ìkòkò tíì, ojú rẹ̀ dúró sórí nǹkan kan.

"Màmá, máìkì yín."

"Kí ló ṣe é?"

"Iná pupa ara ẹ̀ ń tàn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn."

Màmá Ou jókòó láì wo ibi tí àgà wà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àgà wà níbẹ̀. "Ẹyin lohùn," ló wí wúyẹ́wúyẹ́, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ni mo sọ nípa Ìyá àgbà Hung?"

"Pé ó kí òpó iná."

"Olùkọ́ Pai?"

"Pé ó máa fún fóònù ní máàkì."

"Fang?"

"Orí rẹ̀ rọ̀."

"Ìyẹn ò burú." Ó rántí nǹkan kan, ẹ̀rù bà á, ó di apá ọmọ náà mú. "Mo sọ nǹkan kan nípa kíṣìnì?"

"Kíṣìnì wo, Màmá?"

"Kò sí kíṣìnì kankan. O ṣeun." Ó mí ìmí ìtura. Ó tún yọjú lójú fèrèsé, torí bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. "Ìyá àgbà Hung ló ń bọ̀ níwájú. Ó ti dé ọ̀dọ̀ òpó iná."

"Ṣé ó kí i?"

"Kò kí i. Ilé mi ló ń wò."

Ló bá já máìkì gbà lórí tábìlì. "Ẹ̀yin ará mi! Àdánwò ni o! Ọkọ̀ ò tíì dé! Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ má padà sílé mọ́, kí ni ẹ fẹ́ lọ ṣe? Ẹ jókòó! Tíì ń bọ̀, gúáfà ń bọ̀. Ìyá Hung, ohun tí ẹ gbọ́ yẹn, ẹ ò gbọ́ ọ!" Ó ju máìkì sórí àgà, ó ju tìmùtìmù lé e lórí kí ojú òun má bàa rí i mọ́. Ó kó ìkòkò tíì, ó kó àwo gúáfà, ó fi ìdí ti ilẹ̀kùn, ó jáde.

Nígbà tó padà wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ti dùn o! Ìyá àgbà Hung ní òpó iná náà ló kọ́kọ́ rí òun fín. Wọ́n ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń pa ìtàn. Ó ti ju ọdún méjì lọ tí mo ti rí wọn pọ̀ báyìí. Fang náà wà níbẹ̀, ó gbé àpò méjì dání, kò rẹ́rìn-ín." Ó wo aago: márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún. "Ó kéré tán, ó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí ọkọ̀ dé. Mo ráyè sinmi."

Kò tíì jókòó tán tí orin tín-ín-rín náà tún bẹ̀rẹ̀.

"Kuan-yu! Pa á!"

"Mo ti pa á, Màmá."

"Mo ń gbọ́ ọ! Ṣé o tún fẹ́ kí wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Màmá, ọwọ́ mi ò kan nǹkan kan!" Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Orin ò dákẹ́.

"Yọ wáyà ẹ̀!"

Ó yọ wáyà. Orin tún ròkè sí i.

"Fóònù mi ni! Ó ti kó o lára kọ̀ǹpútà!" Màmá Ou ju fóònù sínú dúrọ́ọ̀, ó fi ìdí tì í. "Ó ṣì ń kọ! Mo sọ fún ẹ pé nǹkan ọ̀fẹ́ ò dáa! O lọ gbé nǹkan àwọn tí kì í sùn wá, kò fẹ́ sùn mọ́!"

"Kò ṣeé ṣe!" Kuan-yu ké. "Ó lòdì sí ìmọ̀! Kò síná lára ẹ̀! Mo ti pa gbogbo ẹ̀, kò sí ohun tó lè máa..."

Ó tẹ́tí sóde. Orin ti ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sí apá tẹ́ḿpìlì, ó ń jìnnà. Wọ́n jọ sáré sójú fèrèsé, orí wọn gbára wọn.

Lóde, ọwọ́ gbogbo èèyàn ti ṣófo. Wọ́n ń gbọn ọwọ́ dànù, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìdí ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè ń yà ní kọ̀rọ̀ tẹ́ḿpìlì.

"Ó dé kí àkókò rẹ̀ tó pé," Kuan-yu sọ jẹ́jẹ́. "Kò sì fi ẹnì kankan sílẹ̀! Màmá, kò sí ẹnì kan tí ọkọ̀ fi sílẹ̀! Ìlérí yín ti ṣẹ!"

Màmá Ou ti wà ní kíṣìnì. Ó gbé àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó tún gbé wọn padà.

"Bí mo bá sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á rí mi," ló wí, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ń ṣomi. "Bí mi ò bá sáré, wọ́n á gbọ́ òórùn mi."

"Kí ló wà nínú wọn, Màmá?"

"Ti wáyà bọ̀ ọ́ ná. Ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

Kuan-yu ti wáyà bọ kọ̀ǹpútà. Màmá Ou yọ fóònù nínú dúrọ́ọ̀. Àlẹ́ẹ̀tì kékeré afínjú kan yọ ní igun òkè lápá ọ̀tún: Ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ ti dé.

"Ó pẹ́ díẹ̀," Kuan-yu sọ, ojú tì í.

Àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé e. Ẹ ṣeun, Olórí! Láti oṣù kan, òní ni mo kọ́kọ́ bá ọkọ̀. Òmíràn: Nọ́ḿbà kìíní ni tèmi. Òmíràn: Tíì yẹn dùn. Láìsí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Èmi Pai. Màmá Ou ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan tán pátá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó tó lọ. Kò sí èyí tó sá mọ́ ọn lójú.

"Ṣé o rí i bó ṣe dáa? Ó ń dúró dè mí! Mo ti wọlé ìbò yìí, Kuan-yu." Ó fà á súnmọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fara ti àgà tí tìmùtìmù wà. "Gbọ́, ẹnu ẹ, ẹnu mi. Orí edé ló wà nínú àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ ti fi mí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú tòní. A máa fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ tábìlì tíì di ọ̀la. Àmọ́ o, Fang ò gbọdọ̀ gbọ́!"

Ẹ̀rín bú lóde, ẹ̀rín ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín?" Màmá Ou bi í.

Kuan-yu gbé tìmùtìmù kúrò lórí àgà. Iná pupa kékeré ń wò wọ́n.

Àlẹ́ẹ̀tì kan yọ ní igun òkè lápá ọ̀tún. Màmá Ou kà á tán pátápátá: Olórí wa, a gbọ́ yín ketekete. Orí edé ò ṣeé fi di ọ̀la. Alùpùpù mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ gbé àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, n ó bá yín gbé e dé ibùdó. Èmi ni Fang, nọ́ḿbà kejì lórí ìwé ìbò.

"Tẹ̀ ẹ́!" Màmá Ou figbe ta. "Tẹ̀ ẹ́ kó lọ!"

"Mo ti tẹ tèmi, Màmá. Tiyín náà ti lọ."

"Ti àwọn tó kù ńkọ́?"

"Oníkálukú ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ ní kò gbọdọ̀ parẹ́."

"Ìyá àgbà Hung á ti tẹ tiẹ̀..."

"Ìyá àgbà Hung ò rí i kà. Ẹ fetí sílẹ̀, Olùkọ́ Pai ló ń kà á fún un yẹn."

Lóòótọ́ ni. Ohùn Olùkọ́ Pai ń wọlé láti òde, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró níbi gbogbo tó yẹ kéèyàn dúró: "Orí. Edé. Ò. Ṣeé. Fi. Di. Ọ̀la." Fèrè alùpùpù dún lẹ́nu ọ̀nà, fáàn, fáàn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Màmá Ou pa máìkì. Ó kó àpò méjì sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan sí ọwọ́ òsì, ó rìn dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó dúró.

"Kuan-yu."

"Màmá."

"Àlẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yẹn, kó o tó bà á jẹ́. Èyí tó ń parẹ́ lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdù mẹ́ta."

"Ó ṣì wà níbẹ̀, Màmá. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣé èèyàn lè wọ inú ẹ̀?"